Kí N Tó Lọ Kí Olórí-Mẹ́ta

Mo tẹ́ máàpù sórí tábìlì ilé ìdáná,
mo fi ife kọfí tẹ igun kan mọ́lẹ̀,
mo fi ìgò oyin tẹ èkejì;
ìyókù ń ká ara rẹ̀ jọ
bí ọmọ tó gbọ́ pé ọjọ́ ilé ìwé ni.
Máàpù Ožbej ni. Ó ti ya ní gbogbo ojú ìṣẹ́po,
sẹ́lótéèpù ló so àfonífojì mọ́ òkè.
Àbàwọ́n wáìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn adágún méje,
òun fúnra rẹ̀ ló ta á sílẹ̀, ló bá ní,
"Adágún kẹjọ rèé, ìjọba ò tíì gbọ́."

Òkè Triglav ń wo Radovljica láti ìwọ̀-oòrùn,
orí mẹ́ta lórí ọrùn kan,
ẹgbẹ̀rìnlá mítà ó lé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.
Wọ́n ní ẹni tí kò bá gùn ún rí
kì í ṣe ojúlówó ọmọ Slovenia.
Ó dáa. Mo ti san owó orí fún ogójì ọdún,
mo bímọ méjì, mo sin ọkọ kan síbí,
ọmọ ibo wá ni mí?

Brina, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi ṣètò rẹ̀.
Ó ń fi àtàǹpàkò wá ibùsùn lórí fóònù
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
"Màmá àgbà, oṣù Kẹjọ ti kún dẹ́nu.
Ibùsùn Kredarica ti tán pátápátá.
Ó ku Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kẹsàn-án,
ibùsùn òkè méjì, nínú yàrá ẹlẹ́ni méjìlá."
Mo ní kó mú un. Ó ní òjò dídì lè rọ̀.
Mo ní kó mú un.

A ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní Rudno Polje kí ilẹ̀ tó mọ́,
torí tí aago méje bá lù, kò sí àyè mọ́.
Akoto, okùn ìgbàdí, iná àfisórí,
ìbọ̀wọ́ fún ibi tí wọ́n ti kan irin mọ́ àpáta.
Dókítà Hribernik tẹ orúnkún mi, ó mí kanlẹ̀,
kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.
Nítorí náà, láràárọ̀,
mo ń di kílò mẹ́fà ọ̀dùnkún sínú àpò Ožbej,
mo ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, àjà mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.
Ọ̀gbẹ́ni Zupan ti àjà kejì ṣílẹ̀kùn:
"Ìyáàfin, ilé ta lẹ ń wá?"

Inú àpò yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí sípì rẹ̀ ti dípẹtà,
ni mo ti rí ṣokoléètì tó ti funfun, àti ìwé pélébé kan:
Kredarica. Ibùsùn méjì. Owó ti wọlé.
Ọdún tí plọ́ọ̀mù so títí ẹ̀ka fi ń ya.
Mo rántí. Ó ní, "Jẹ́ ká jọ lọ." Mo ní,
"Ta ló máa se jáàmù?"
Kò tún un sọ. Ó dá lọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó kó tó dé,
ó jẹ jáàmù náà láràárọ̀, ó ní ó dùn.
Kò sọ pé òun ti sanwó ẹni méjì.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀, okùn ni wọ́n fi ń nà án ní ìdí,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́ onírin kékeré tó wà lókè téńté.
Àṣà wa ni. Ožbej ti ṣèlérí mẹ́ta fún mi,
"èyí tó kẹ́yìn á ta ọ́ títí dé Bled."
Brina ní òun á nà mí dípò rẹ̀.
Mo ní kó má ṣàánú mi rárá.

Plọ́ọ̀mù tún ti so lọ́dún yìí. Ẹyẹ ló ni ín.

Lálẹ́ àná, Brina pè láti ṣọ́ọ̀bù:
"Akoto yín dà? Báwo ni orí yín ṣe tóbi tó?"
Mo fi téèpù ìránṣọ wọ̀n ọ́n yíká,
sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.
Sọ fún wọn, mo ní, orí kan péré ni,
orí arúgbó, ó ń lọ kí olórí mẹ́ta.